Epo Lára Áńtẹ́nà

Èkúté ti jẹ wáyà náà níbi mẹ́ta. Ifáfúnkẹ́ kúnlẹ̀ sídìí òpó irin, ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tó jìn jù, ó sì rí bàbà tó ń dán nínú lọ́hùn-ún. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lé díẹ̀. Ọyẹ́ bo gbogbo abà mọ́lẹ̀, eruku rẹ̀ sì ti tún bà lé kọ̀ǹpútà tí kò tíì tó wákàtí kan tó nù. Ó yíjú sí wáyà kejì, èyí tó ń gbé iná lọ bá mọ́tò kékeré tó ń yí áńtẹ́nà. Wọn ò dá ìyẹn náà sí. Wọ́n ti rún un wómúwómú, ó ku awọ rọ́bà lásán.

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní sunkún. Tíṣà ni, físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Igbó-Ọrà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì sì ni. Tíṣà kì í sunkún nítorí èkúté. Wákàtí mẹ́ta àbọ̀ ló kù.

Ní aago méjì ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún ọ̀sán ọjọ́ Sátidé yẹn, sátẹ́láìtì kékeré kan yóò gba orí abà bàbá rẹ̀ kọjá. Kékeré náà ni, lóòótọ́: bí èèyàn bá to páálí bàtà mẹ́ta léra, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Ṣùgbọ́n awò kan wà ní imú rẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún un láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti gbé e sójú ọ̀run, pé kó máa wo ìràwọ̀ kan. Ìràwọ̀ yẹn ní ayé tirẹ̀ tó ń yí i po, ayé tó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ti gbéra kí wọ́n tó bí bàbá Ifáfúnkẹ́. Nígbàkígbà tí ayé ọ̀hún bá gba iwájú ìràwọ̀ rẹ̀, díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà á gba inú afẹ́fẹ́ tó yí ayé náà ká kọjá, afẹ́fẹ́ á sì jẹ nínú àwọ̀ rẹ̀. Èyí tí omi ń jẹ yàtọ̀ sí èyí tí eruku ń jẹ. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ nìyẹn.

Bàbá rẹ̀ ti bi í rí pé báwo ni èèyàn ṣe lè mọ irú afẹ́fẹ́ tó wà níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò dé. Ifáfúnkẹ́ nawọ́ sí oòrùn ọyẹ́ tó pupa roro níwájú wọn. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá jí tí ẹ rí oòrùn báyìí, ṣé ẹ máa ń béèrè bóyá ọyẹ́ ti dé?" Bàbá mi orí. Ó ní ojú oòrùn lòun ti máa ń mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ẹni tó bá wá rọ ọkọ́, ó sì máa ń ṣàlàyé rẹ̀ ju bí ọmọ rẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni sátẹ́láìtì náà ti rí ayé yẹn níwájú ìràwọ̀ rẹ̀ kedere. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ pé omi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó jọ òótọ́ àti òótọ́ ni gbogbo ẹgbẹ́ wọn fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni yóò yanjú ẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni sátẹ́láìtì náà rí i. Ó wà nínú rẹ̀ báyìí, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Bátìrì rẹ̀ sì ti ń kú lọ. Sátẹ́láìtì náà ti ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé yóò ti jóná sínú afẹ́fẹ́ ayé tiwa. Mùíz, tó ń darí iṣẹ́ náà láti yunifásítì kan ní Ìbàdàn, ti sọ ọ́ lórí fóònù lánàá pé agbára ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún un. Àwọn ará òkè òkun tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà ti pàṣẹ fún un pé bó bá ti wọ ojú ọ̀run Ìbàràpá, kó tú gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ sílẹ̀. Ibòmíràn kan wà tí wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ, ní ilẹ̀ olótùútù kan báyìí, ṣùgbọ́n ìjì ti wó òpó wọn láti oṣù tó kọjá. Etí kan ṣoṣo ló kù fún un ní gbogbo àgbáyé, abà alágbẹ̀dẹ kan lẹ́yìn Ayétẹ̀ sì ni etí náà wà, níbi tí ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó débẹ̀.

Ifáfúnkẹ́ ló jà kí wọ́n gbé áńtẹ́nà náà síbẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n fẹ́. Ó ní ariwo fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ti pọ̀ jù lójú ọ̀run Ìbàdàn, pé abà bàbá òun dákẹ́ rọ́rọ́, pé kò sí ohun tó dí ojú ọ̀run rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Wọ́n gbà fún un. Láti ọdún mẹ́ta, gbogbo Sátidé ló ń gun ọ̀kadà wá láti Igbó-Ọrà wá yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì tíì já wọn kulẹ̀ rí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà yìí ni òórùn náà bá a nímú. Epo pupa ni. Ó fìka kan ìdí òpó, ìka náà pọ́n. Epo ti gbẹ lé epo níbẹ̀, ó nípọn, ó sì ti ṣàn dé ibi tí wọ́n so wáyà mọ́. Àìmọye ìgbà ló ti rí àwọ̀ pupa yẹn, tó sì rò pé irin ló ń dógùn-ún. Wọ́n sun igbó oko Dàda, aládùúgbò wọn, lọ́jọ́rú, gbogbo eku tí iná lé ló ti sá wọ abà, wọ́n sì bá oúnjẹ nílẹ̀ níbi tí wọn ò rò.

Ẹyẹ kì í da epo. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó dà á fún un. Nílé wọn, gbogbo irin tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń jẹ epo lọ́jọ́ Ògún: owú alágbẹ̀dẹ, ẹ̀mú, ìbọn ọdẹ, àdá, títí kan kẹ̀kẹ́ ológeere tí bàbá rẹ̀ ò gùn mọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún. Ọmọ alágbẹ̀dẹ wá gbé irin tuntun wọ àgbàlá Ògún, kò rántí pé wọn yóò bọ́ ọ. Ẹ̀bi ta ni?

Ìbéèrè dáadáa ni, ṣùgbọ́n inú ń bí i, ó sì gba àgbẹ̀dẹ lọ.

Òjó, bàbá rẹ̀, jókòó síbi owú, ọkọ́ kan tó pọ́n yòò wà lẹ́nu ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, apá rẹ̀ sì le bí igi orógbó. Ó lu ọkọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ́tí, ó tún un lù, kó tó gbójú sókè.

"Àṣàbí," ó ní. Oríkì rẹ̀ ló máa ń pè é. Orúkọ rẹ̀ gan-an wà fún ọjọ́ ìbínú.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń ta epo sídìí áńtẹ́nà?"

"Èmi ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó ti jẹun. "Látọjọ́ tó ti dé ni. Gbogbo ọjọ́ Ògún. Ìgbà kan tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, Dàda ni mo ní kó bá mi ta á."

"Èkúté ti jẹ wáyà rẹ̀. Epo ni wọ́n tẹ̀lé débẹ̀."

Bàbá fi ọkọ́ náà sílẹ̀, ó dìde, ó sì tẹ̀lé e. Ó lóṣòó sídìí òpó, ó wo wáyà náà pẹ́. Ó gbé awẹ́ rọ́bà kan tó ti já, ó fi sójú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Ó bi í pé aago mélòó ni nǹkan ọ̀hún ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ fún un. Ó bi í pé bí nǹkan ọ̀hún bá kọjá tí wọn ò gbọ́ ọ ńkọ́. Ifáfúnkẹ́ ní ó parí nìyẹn, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti lọ, wọn ò sì ní gbà á gbọ́ mọ́ bó bá tún ní kí wọ́n gbé nǹkan wá sí Ìbàràpá.

"Ọwọ́ mi ló ṣe é," ni bàbá wí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá? Ẹ ò bá ti sọ fún mi. Ọdún mẹ́ta!"

Bàbá fi awẹ́ rọ́bà náà sápò bùbá rẹ̀ bí ohun tó níye lórí.

"Kí irin yìí tó dé," ó ní, "ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń wálé lọ́dún?"

Ifáfúnkẹ́ kà á nínú ọkàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ẹ̀ẹ̀kan nígbà ọdún Ògún, ẹ̀ẹ̀kan ní àyájọ́ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú. Ọdún kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, nítorí pé ìdánwò wà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

"Ó dé, ó di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo rò ó pé ta ni n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wàá ní mo ń fi ọ̀rọ̀ gún ọ. Ni mo bá dúpẹ́ lọ́wọ́ irin."

Ìbínú rẹ̀ tú pátápátá. Ojú ló wá ń tì í, ó sì ń wo ilẹ̀, ibi tí èérún ti ń tò lọ sídìí epo. Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe Búrẹ́mọ̀.

Búrẹ́mọ̀ ni gbogbo Ayétẹ̀ ń gbé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó bàjẹ́ lọ bá, òun náà ló ń bá wọn gbé díṣì sórí òrùlé. Ó dé ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọ̀kadà tirẹ̀, àpò irinṣẹ́ kọ́ ọ lọ́rùn, eruku sì ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di ti arúgbó. Ó wo wáyà, ó wo epo, ó wo bàbá.

"Bàbá Ifáfúnkẹ́, ẹ kú oríire. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí tó ń ba díṣì jẹ́, mi ò tíì rí èyí tí wọ́n fi ṣe sàárà fún èkúté."

"Bá wa ṣe é kí o tó fi wá ṣẹ̀sín," ni bàbá dá a lóhùn.

"Bọ̀dá Búrẹ́mọ̀, ṣé ó ṣeé ṣe?" Ifáfúnkẹ́ bi í.

Ó ní ti mọ́tò kò ṣeé ṣe, àfi bí wọ́n bá fún òun ní ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n wáyà àkọ́kọ́ dára láti òkè dé ibi tí epo dé. Wọ́n lè gé e níbẹ̀, kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wá sídìí òpó, kí wọ́n sì jó orí wáyà náà mọ́ ẹ̀rọ náà lákọ̀tun. Òjé tí wọ́n ń yọ́ fi lẹ wáyà wà nínú àpò òun. Ohun tí kò sí ni iná. Ọjọ́ mẹ́rin rè é tí wọn ò rí iná ìjọba ní Ayétẹ̀, irin tó fi ń yọ́ òjé sì fẹ́ iná tó lágbára. Ó wo pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré tó wà lórí òrùlé. Ó mi orí, ó ní ìyẹn ò lè ṣe ju kọ̀ǹpútà lọ.

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí bàbá ti yí padà sí àgbẹ̀dẹ. Nígbà tí wọ́n bá a, ó ti mú ọ̀pá bàbà kan jáde láàárín àlòkù irin, ó ti ń fi òkúta pọ́n orí rẹ̀ kó mú ṣóńṣó. "Irú iná wo lo fẹ́?" ó bi Búrẹ́mọ̀. "Èyí tó ń jó àbí èyí tó ń pọ́n?"

Ifáfúnkẹ́ fẹ́ ẹwìrì. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe é gbẹ̀yìn, èéfín wọ̀ ọ́ lójú, apá ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò gbàgbé. Bàbá wo àwọ̀ ọ̀pá bàbà náà títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sáré gbé e lọ bá Búrẹ́mọ̀ nídìí òpó. Ti àkọ́kọ́ gbóná jù, ó yọ́ rọ́bà wáyà. Ti ẹ̀ẹ̀kejì tutù kó tó débẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, òjé yọ́ bí omi, ó sì dì mọ́ ojú iṣẹ́ rẹ̀. Búrẹ́mọ̀ fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fa wáyà náà wò. Kò já.

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ," ni Búrẹ́mọ̀ wí, ó ń nu òógùn, "ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tèmi tí mi ò sí nínú méjèèjì, ẹ wá omi fún mi mu."

Mùíz pè ní aago kan. Ifáfúnkẹ́ ò fi ohun tó bàjẹ́ pa mọ́ fún un. Ó sọ ti èkúté, ó sọ ti mọ́tò, ó ní ọwọ́ làwọn yóò fi máa yí áńtẹ́nà. Kò sọ ti epo.

"Kí ni kí n sọ fún wọn?" Mùíz bi í.

"Má tíì sọ nǹkan kan fún wọn."

Wọ́n tú áńtẹ́nà kúrò lórí òpó. Ó gùn ju èèyàn lọ, ṣùgbọ́n kò wúwo: ọ̀pá kan ni, pẹ̀lú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ara wọn lára rẹ̀ láti ìdí dé orí. Búrẹ́mọ̀ ní òun yóò gbé e. Bàbá wò ó, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì gba áńtẹ́nà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣòro tó kù ni pé bàbá ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dígírì, kò sì sí àyè láti kọ́ ọ. Ifáfúnkẹ́ gbé kọ̀ǹpútà lé orí ìtẹ́lẹ̀, ó wo ọ̀nà tí sátẹ́láìtì yóò gbà, ó sì ń fi í wé ohun tí ojú ń rí. Ìhà Ìdèrè ni yóò ti yọ, lókè igi oṣè oko Dàda. Ìṣẹ́jú kẹta, yóò ti dé orí àwọn ọ̀pẹ méjì. Ìṣẹ́jú karùn-ún, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín orí. Yóò wá máa sọ̀ lọ sí ìhà Òkè-Ihò, yóò gba òkè àpáta, yóò wọ̀ síbi èéfín àwọn tó ń sun èédú. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó tán. Bàbá tún un kà fún un lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí wọ́n ń rán lọ sọ́nà oko, kò ṣì í sọ.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Búrẹ́mọ̀ na agbòjò lé kọ̀ǹpútà kí oòrùn má bàa jẹ́ kójú rẹ̀ ṣòro wò, ó fi ọwọ́ kejì di ibi tí wọ́n jó mú. Ifáfúnkẹ́ yí ohùn ẹ̀rọ náà sókè. Ariwo òfìfo ń dún nínú rẹ̀, ṣàà, ṣàà. Bàbá dúró, ó ya ẹsẹ̀, ó gbé áńtẹ́nà sókè igi oṣè.

Ó yọ kí àkókò tó pé. Ìṣẹ́jú kan ló fi yá ju bí kọ̀ǹpútà ṣe wí lọ, nítorí pé ó ti já wálẹ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, ohun tó bá sì já wálẹ̀ máa ń yára. Ohùn náà gba àárín ariwo yọ, ó ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Àwọn nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀pẹ, Bàbá," Ifáfúnkẹ́ wí. "Ẹ máa lọ sí ọ̀pẹ."

Ohùn náà ń rẹlẹ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó ṣe ìṣirò, ó tún un ṣe. Ó ní kí bàbá dúró. Ohùn rẹlẹ̀ sí i. Àwọn nọ́ńbà dúró, wọ́n tún rìn díẹ̀, wọ́n tún dúró. Ibi tó ń sọ ti di ibi tí sátẹ́láìtì ti kúrò, bẹ́ẹ̀ ni kò sì mọ ibi tó dé báyìí.

"Bàbá, ẹ padà sí..."

"Dákẹ́, Àṣàbí."

Bàbá ti di ojú. Ó tẹ orí sí apá kan gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe lẹ́yìn tó bá lu irin, ó ń gbọ́ ibi tó le àti ibi tó ṣì rọ̀. Ó gbé áńtẹ́nà kúrò lókè ọ̀pẹ, ó gbé e sókè, ó rọra yí i sápá ọ̀tún. Ohùn náà dé padà. Ó lé e jù díẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó fà á padà bí ìka kan, ó sì kún. Ṣíí ló ń dún, bí ìgbà tí wọ́n bá ti irin gbígbóná bọ omi. Ifáfúnkẹ́ rí i pé àwọn nọ́ńbà ń sáré láìdúró, ó sì mú ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà nítorí pé kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ mọ́.

Sátẹ́láìtì gba àárín orí. Bàbá yí ara rẹ̀ po díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ tó le, áńtẹ́nà dúró gbọnyin ní apá rẹ̀. Òógùn ń ṣàn gba ojú rẹ̀ tó pa dé. Ó ń lé ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò rí, láàárín ọ̀sán gangan, pẹ̀lú etí tó ti fi ń gbọ́ irin láti ìgbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Ìdúpẹ́ kún Ifáfúnkẹ́ láyà débi pé ó ń dùn ún: ó ń dúpẹ́ pé apá náà ṣì le, pé etí náà ṣì ń gbọ́, pé ó ṣojú òun. Kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa bọ́.

Lókè èéfín èédú, ohùn náà tín-ín-rín, ó já, kò sì dún mọ́. Ṣàà, ṣàà. Bàbá la ojú.

"Ó ti lọ," ó ní.

Mùíz pè kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Ó ní nínú ìdì nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún méjì tí wọ́n ń retí, mẹ́tàdínlógójì péré ló sọnù, pé ó tó, pé ó ju tó lọ. Wọn yóò ṣì fi oṣù kan tàbí méjì ṣe ìṣirò kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu sọ ọ̀rọ̀ omi, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀karùn-ún ti pé. Lẹ́yìn náà ló wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ń tufọ̀. Ó ní ìdì tó kẹ́yìn fi hàn pé bátìrì sátẹ́láìtì náà ti tán. Ó ti sọ èyí tó ní, ó sì ti kú. Ó ní gbogbo wọn ní kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifáfúnkẹ́.

"Bàbá mi ni kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," Ifáfúnkẹ́ wí. "Òjó ni orúkọ rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Búrẹ́mọ̀ kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kọ oúnjẹ, ó gba bàrà tútù ńlá kan, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀. Ó ní bí èkúté bá tún fẹ́ ṣe àlejò, kí wọ́n ránṣẹ́ sí òun lọ́jọ́ tó ṣáájú. Eruku gbé e lọ.

Bàbá jókòó lórí àga àpótí lábẹ́ àgbẹ̀dẹ, apá rẹ̀ méjèèjì ti ń gbọ̀n báyìí tí iṣẹ́ ti tán. Ifáfúnkẹ́ wá òrí, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fi ra apá náà láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Kò rántí ìgbà tó fọwọ́ kan apá bàbá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn àpá iná kéékèèké pọ̀ lórí rẹ̀, ó sì ń gba orí wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìgbà wo ni yóò tún kọjá?" bàbá bi í.

Ó ti ní èsì kan lẹ́nu. Ó fẹ́ sọ pé ẹgbẹ́ wọn ń wá ọ̀nà láti ṣe òmíràn, pé ó lè tó ọdún méjì, pé bí Ọlọ́run bá fẹ́, ibí náà ni wọn yóò tún gbé e wá. Ó gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ ò wo ọ̀run rárá. Báàgì ọmọ rẹ̀ ló ń wò, èyí tó ti di sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tó ti gbé kọ̀ǹpútà jáde, tó fẹ́ gbé padà sí Igbó-Ọrà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ náà wá yé e. Ọdún mẹ́ta ni òun ti ń wálé wá wo irin, ọkùnrin yìí sì ti gbà bẹ́ẹ̀, ó ti gba ìwọ̀nba tó kàn án, ó tún ti ń dúpẹ́ fún un.

"Kò ní kọjá mọ́, Bàbá," ó ní. "Èmi ni n ó máa bọ̀."

Bàbá na apá kejì sí i kó ra á.

"Sátidé?" ó bi í, nígbà tó yá.

"Sátidé."

"Kó o tètè máa dé," ó ní. "Ẹ̀kọ kì í gbóná dọ̀sán."